Bí ìgbéyàwó bá fẹ́ tú ká: Kóòtù wo ni ó ni ẹjọ́ náà, irú lọ́yà wo ni ó yẹ kí ènìyàn wá?

Ẹni tí ó bá máa ń ka ìròyìn kóòtù yóò ti mọ̀ pé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kì í wọ́n ní kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, nílùú Ìbàdàn, tàbí ní ti Ìgàndó, nípìnlẹ̀ Èkó. Ìyàwó yóò ní ọkọ òun ń lu òun bí ẹni lu bàrà, ọkọ yóò ní ìyàwó òun kò bọ̀wọ̀ fún ìyá òun, adájọ́ yóò gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, yóò tú wọn ká, yóò sọ ẹni tí àwọn ọmọ yóò máa bá gbé, ẹjọ́ parí. Àwọn tí ó ka ìròyìn náà yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn yóò sì ṣí ojú ewé mìíràn. Ohun kan wà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í sábà sọ, ìyẹn ni irú ìgbéyàwó tí àwọn méjèèjì ṣe níbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdí ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Òun ni yóò sọ kóòtù tí ó ní agbára lórí ẹjọ́ náà, òun ni yóò sọ ẹ̀tọ́ tí olúkúlùkù ní sí owó, sí ilé àti sí ọmọ, òun náà ni yóò sì sọ irú agbẹjọ́rò tí ó yẹ kí ènìyàn wá lọ.

Irú ìgbéyàwó mẹ́ta ni òfin ilẹ̀ Nàìjíríà mọ̀. Èkíní ni ti ìbílẹ̀: ìdílé méjì pàdé, wọ́n ṣe ìdána, wọ́n gba owó orí, wọ́n fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Èkejì ni ti ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí àwọn àlùfáà so yìgì níwájú ẹlẹ́rìí, tí ọkọ sì fún ìyàwó ní ẹ̀bùn tí ẹ̀sìn pa láṣẹ. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn àgbà ń pè ní alárédè, ìyẹn ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba. Ó lè jẹ́ ní rẹ́gísìrì ni wọ́n ti ṣe é, bíi ti Ìkòyí tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀, ó sì lè jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ láti so ènìyàn pọ̀, tí tọkọtaya àti àwọn ẹlẹ́rìí wọn sì bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀rí ìjọba. Méjì àkọ́kọ́ fi àyè sílẹ̀ fún ọkùnrin láti ní ju ìyàwó kan lọ. Alárédè kò fi àyè kankan sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé aṣọ funfun àti òrùka ni ó ń sọ ìgbéyàwó di alárédè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ọdún 1963 ni ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Ìlà Oòrùn ilẹ̀ yìí ti là á mọ́lẹ̀ pé òfin kò mọ ohun kan tí ń jẹ́ ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀ ara rẹ̀, pé bí kò bá sí ìlànà òfin ìjọba nídìí rẹ̀, àdúrà lásán ni pásítọ̀ gbà lé àwọn méjèèjì lórí. Nítorí náà, ìwé ni kí ènìyàn kọ́kọ́ wá. Bí ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn bá jẹ́ ti ìjọ nìkan, tí wọn kò sì lọ sí rẹ́gísìrì, ìdána tí wọ́n ṣe nílé àwọn òbí ìyàwó ni òfin yóò wò, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n sì ní. Bí ìwé náà bá jẹ́ ti ìjọba, alárédè ni, kódà bí ìdána bá ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mùsùlùmí tí ó so yìgì ní mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n tí ó tún lọ bu ọwọ́ lu ìwé ní rẹ́gísìrì nítorí físà tàbí nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé tí ó bu ọwọ́ lù ti gbé e wọ abẹ́ òfin ìjọba.

Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó alárédè sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì yọ ti ìbílẹ̀ àti ti Ìsìláàmù sọ́tọ̀. Òfin tí ó de alárédè nígbà tí ó bá fẹ́ tú ká ni Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970, ilé-ẹjọ́ gíga ni òfin náà sì gbé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún. Kóòtù ìbílẹ̀, èyí tí àwọn ará ìgboro ń pè ní kóòtù kọkọ-kọkọ, kò ní agbára kankan lórí rẹ̀. Bí adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ bá tú alárédè ká, bí ìgbà tí kò sọ nǹkan kan ni.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Ká ní obìnrin kan ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ábẹ́òkúta, ó sì gba ìwé ẹ̀rí ìjọba. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nǹkan dàrú, ó gba kóòtù ìbílẹ̀ lọ nítorí pé ó sún mọ́ ilé, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Kò mẹ́nu ba ìwé ẹ̀rí náà, kóòtù kò sì béèrè. Wọ́n tú wọn ká, ó gbé ìwé ìdájọ́ lọ sílé, ó fẹ́ ọkọ mìíràn ní rẹ́gísìrì. Lójú òfin, ọkọ àkọ́kọ́ ṣì ni ọkọ rẹ̀, ìgbéyàwó kejì kò sì sí. Abala 370 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni ẹni tí ó bá fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ṣì wà lè fi jura. Lóòótọ́, kò wọ́pọ̀ kí wọ́n gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ kejì bá kú, tí àwọn mọ̀lẹ́bí bá ń pín ogún, tí ẹnìkan nínú wọn sì mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ jáde, ni ojú obìnrin náà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin tí ó ti fi àṣà ìbílẹ̀ fẹ́ ìyàwó kan ní Ìjẹ̀bú, tí kò sì kọ̀ ọ́, tí ó wá lọ ṣe alárédè pẹ̀lú ẹlòmíràn l'Ékòó, asán ni alárédè tí ó ṣe. Ìyàwó Èkó kò nílò ìkọ̀sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí lọ́yà rẹ̀ yóò béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ni pé kí ó kéde pé kò sí ìgbéyàwó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti àwọn ọmọ tí ó bí kò sí níbẹ̀, nítorí pé abala 42 nínú òfin orílẹ̀-èdè yìí sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà tí wọ́n gbà bí ènìyàn dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni òfin ọdún 1970 sọ pé ó lè tú alárédè ká: kí ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ènìyàn kàn dìde níwájú adájọ́ kí ó ní ó ti sú òun. Ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan nínú àwọn nǹkan mẹ́jọ tí òfin kà sílẹ̀ gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń lò jùlọ ni pé ẹnìkejì ti hùwà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fara dà, lílù àti ìfìyàjẹni sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ẹnìkejì kó jáde nílé, tí ó sì fi olùpẹ̀jọ́ sílẹ̀ fún ó kéré tán ọdún kan gbáko. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì, tí olùjẹ́jọ́ kò sì tako ìtúká. Bí ó bá ti di ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìbáà tako ó, ìbáà má tako ó, adájọ́ lè tú wọn ká. Pánságà náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀: ẹni tí wọ́n bá dárúkọ pé òun ni wọ́n jọ ṣe é gbọ́dọ̀ di ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́, olùpẹ̀jọ́ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò ṣeé ṣe fún òun mọ́ láti bá ọkọ tàbí ìyàwó náà gbé. Ìfura àti àròyé ẹ̀gbọ́n ọkọ kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún méjì ní ìdènà tirẹ̀. Kóòtù kì í sábà gba ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé olùpẹ̀jọ́ kọ́kọ́ tọrọ àyè, kí ó sì fi yé adájọ́ pé ìyà tí òun ń jẹ tàbí ìwà ìbàjẹ́ ẹnìkejì kọjá èyí tí ojú ń rí lójoojúmọ́. Àwọn kan sì wà tí ẹ̀sìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè gbé abẹ́ òrùlé kan náà mọ́. Òfin gbà kí kóòtù pàṣẹ pé kí wọ́n máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí tọkọtaya. Àmọ́ kò sí èyí tí ó lè fẹ́ ẹlòmíràn nínú wọn.

Ní kóòtù ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè dúró fún ara rẹ̀ níwájú adájọ́, kí ó fi èdè Yorùbá rojọ́, àwọn mìíràn sì wà tí wọn kò ná kọ́bọ̀ lórí lọ́yà kí wọ́n tó gba ìdájọ́. Ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn gúúsù tí kò ti sí kóòtù Ṣàríà ti ìjọba, ibẹ̀ náà ni ẹjọ́ àwọn tí ó so yìgì sábà máa ń lọ. Àwọn ìgbìmọ̀ Ṣàríà kan wà tí àwọn Mùsùlùmí fi ìfẹ́ ara wọn gbé kalẹ̀, wọ́n ń parí ìjà, wọ́n sì ń tọ́ ènìyàn sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ bí opó ṣíṣe àti iddah, ìyẹn àkókò tí obìnrin gbọ́dọ̀ fi dúró kí ó tó fẹ́ ọkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n wọn kò ní ọlọ́pàá tí yóò fi ipá mú ẹni tí ó bá kọ ìdájọ́ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí owó oúnjẹ ọmọ máa wọlé lóṣooṣù yóò ṣe dáadáa bí ó bá gba àṣẹ kóòtù mọ́ ọn.

Lórí ọmọ, èrò tí ó wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé bàbá ni ó ni ọmọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ti fi ara da ìyà ọdún pípẹ́ nítorí gbólóhùn yìí nìkan. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 71 nínú òfin ọdún 1970 sọ pé ire ọmọ ni kóòtù gbọ́dọ̀ fi ṣáájú ohun gbogbo, kóòtù ìbílẹ̀ náà sì ní irú ìtọ́sọ́nà bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn gbà wọlé ní ọdún 2006, tí Èkó sì gbà wọlé ní ọdún 2007, tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Adájọ́ yóò béèrè ibi tí ọmọ ń sùn, ẹni tí ń mú un lọ sílé ìwé, ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá, ipò tí ilé náà wà. Bí ó bá fún ìyá ní ọmọ, ìyẹn kò sọ bàbá di àjèjì, ó ṣì ní ẹ̀tọ́ láti máa rí ọmọ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni owó ilé ìwé sì lè wà síbẹ̀. Lábẹ́ òfin alárédè, àṣẹ ìtọ́jú ọmọ lè máa bá a lọ títí ọmọ yóò fi pé ọdún mọ́kànlélógún, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ bí ìdí pàtàkì bá wà. Ẹni tí ó bá sì ń wéwèé láti gbé ọmọ sá lóru kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó rántí pé adájọ́ yóò gbọ́.

Lórí owó, òfin ọdún 1970 kò sọ pé ọkọ nìkan ni yóò máa sanwó. Èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì ni kóòtù lè pàṣẹ fún pé kí ó máa tọ́jú ẹnìkejì. Ohun tí adájọ́ ń wò ni ohun tí olúkúlùkù ní, agbára rẹ̀ láti ṣiṣẹ́, àti ìwà tí wọ́n hù sí ara wọn. Kò tilẹ̀ dìgbà tí ẹjọ́ bá parí: lọ́yà lè béèrè owó ìtọ́jú láti ọjọ́ tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni kò mọ èyí, wọn a sì máa jẹ gbèsè fún ọdún méjì gbáko tí ẹjọ́ fi ń falẹ̀. Ní kóòtù ìbílẹ̀, owó oúnjẹ àwọn ọmọ ni adájọ́ sábà máa ń pàṣẹ rẹ̀, kì í ṣe owó tí ìyàwó tí ó ti lọ yóò máa fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

Ibi tí omijé ti ń pọ̀ jùlọ ni ọ̀rọ̀ ilé. Àwọn tí ó ń wo fíìmù òyìnbó rò pé bí ìgbéyàwó bá tú ká, wọn yóò pín dúkìá sí méjì dọ́gbadọ́gba. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Abala 72 fún ilé-ẹjọ́ gíga ní agbára láti ṣètò dúkìá tọkọtaya lọ́nà tí ó tọ́, tí kò sì ní ìrẹ́jẹ nínú, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ máa ń béèrè ẹ̀rí ohun tí olúkúlùkù dá sí i. Lábẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1992, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ obìnrin kan tí ó ní òun àti ọkọ òun ni àwọn jọ kọ́ ilé tí ọkọ náà tà fún ẹlòmíràn. Kò lè sọ ní pàtó iye tí ó mú wá, kò sì lè fi ẹ̀rí ohun tí ó rà hàn. Ilé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, nítorí bí a ṣe ń kọ́lé kò fara jọ bí òfin ṣe ń ka owó. Ìyàwó yóò gba àjọ, yóò kó o fún ọkọ láti ra sìmẹ́ǹtì. Yóò se oúnjẹ fún àwọn bírikìlà fún oṣù mẹ́fà. Yóò ta góòlù rẹ̀ kí wọ́n lè kan páànù. Orúkọ ọkọ nìkan ni yóò wà lórí ìwé ilẹ̀, nítorí pé ta ni yóò ní kí ọkọ òun kọ orúkọ òun sí i tí wọn kò ní fura sí i? Lọ́jọ́ ẹjọ́, adájọ́ yóò béèrè rìsíìtì. Ohun tí ó lè gba irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ó ṣeé tọ́ka sí: owó tí ó gba báńkì kọjá, rìsíìtì tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ìwé alájọ, ẹlẹ́rìí tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó san owó fún káfíńtà. Ọkùnrin tí ó fi owó rẹ̀ kọ́ ilé sórí ilẹ̀ bàbá ìyàwó rẹ̀ náà wà nínú ọkọ̀ kan náà.

Ta wá ni ó yẹ kí ènìyàn gbé gbogbo èyí tọ̀ lọ? Ẹni àkọ́kọ́ tí kò yẹ ni ẹni tí ń dúró lẹ́nu géètì kóòtù tí ń pe àwọn tí ó ń kọjá pé òun mọ lọ́yà kan. Àwọn kan nínú wọn kì í ṣe lọ́yà, wọn kò sì mọ lọ́yà kankan. Agbẹjọ́rò tòótọ́ ni ẹni tí wọ́n ti pè wọ ẹgbẹ́ àwọn amòfin, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ń tọ́jú l'Ábújà. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, NBA, wà ní Ìbàdàn, Ìkẹjà, Àkúrẹ́, Òṣogbo àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, ènìyàn sì lè béèrè níbẹ̀. Láti ọdún 2015 ni ẹgbẹ́ náà ti mú un ní dandan pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa lẹ èdìdì tí ó ní orúkọ wọn mọ́ ìwé tí wọ́n bá gbé lọ sí kóòtù. Bí ìwé tí lọ́yà kọ kò bá ní èdìdì yìí, ó yẹ kí ènìyàn béèrè ìdí rẹ̀.

Lọ́yà dídára kan náà lè má yẹ fún ẹjọ́ yìí. Ẹni tí ó gbóná lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ti bánkì lè má ti gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kan lọ síwájú adájọ́ rí, ìlànà ilé-ẹjọ́ gíga lórí ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya sì ní ìwé àti fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Nítorí náà, kò burú kí ènìyàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti ṣe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, bóyá òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa lọ sí kóòtù tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àti bí ó ṣe rí ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ sí. Lọ́yà tí kò bá béèrè ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó kí ó tó sọ iye owó rẹ̀, ó kù díẹ̀ káàtó. Lọ́yà kan kò sì gbọdọ̀ dúró fún ọkọ àti ìyàwó pọ̀, nítorí ohun tí ó ṣe ẹnìkan láǹfààní lè pa ẹnìkejì lára. Ọ̀rẹ́ ìdílé tí ó ṣe alága ìjókòó nígbà ìgbéyàwó náà kò yẹ, bí ó ti wù kí ó mọ òfin tó.

Ọ̀rọ̀ owó kì í tini lójú níwájú agbẹjọ́rò. Kí ó sọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, iye tí kóòtù ń gbà láti fi ìwé sílẹ̀, iye tí yóò máa gbà nígbàkigbà tí ó bá yọjú sí kóòtù, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì máa fún ènìyàn ní rìsíìtì. Èyí tí ó ń jẹ owó àwọn ènìyàn jùlọ ni owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹjọ́ a máa sún síwájú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìdájì nínú rẹ̀ nítorí pé adájọ́ kò jókòó. Ní ti ohun tí ènìyàn bá sọ fún lọ́yà rẹ̀, àṣírí ni, òfin iṣẹ́ wọn kò gbà á láyè láti tú u síta. Nítorí náà, kí ó sọ òótọ́ fún un, títí kan ohun tí ó ti òun fúnra rẹ̀ lójú. Agbẹjọ́rò tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu lọ́yà ọ̀tá rẹ̀ nínú kóòtù kò ní ohun tí yóò wí.

Kí ẹnikẹ́ni sá fún ẹni tí ó bá ní òun yóò gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, láìjẹ́ pé oníbàárà yọjú sí kóòtù. Òfin ní kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti bá oníbàárà òun sọ̀rọ̀ lórí bóyá ìlàjà ṣì ṣeé ṣe. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wáyé níwájú adájọ́. Bí adájọ́ bá wá tú wọn ká, àṣẹ àkọ́kọ́ ni yóò pa, èyí tí wọ́n ń pè ní decree nisi. Oṣù mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà kí ó tó di àṣẹ ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, inú oṣù mẹ́ta yìí ni kí ó ti dìde, nítorí pé òfin orílẹ̀-èdè yìí kò gba ẹni tí ó ní àyè láti ta ko àṣẹ àkọ́kọ́, tí ó sì dákẹ́, láyè láti wá ta ko ti ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá sì ṣe ìgbéyàwó mìíràn láàárín oṣù mẹ́ta náà ti fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò tíì parí.

Àwọn tí kò lówó lọ́yà kò wà láìní ibi ìsádi. Àjọ Legal Aid Council ti wà láti ọdún 1976, ó sì ní ọ́fíìsì ní olú ìlú àwọn ìpínlẹ̀. Àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, ọ́fíìsì náà yóò sì sọ fún ènìyàn bóyá ẹjọ́ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, máa ń ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ lórí owó oúnjẹ ọmọ àti ẹ̀tọ́ láti bá ọmọ gbé. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ́fíìsì tí ń gbèjà ará ìlú, Office of the Public Defender, ó sì ní ibùdó ìlàjà, Citizens Mediation Centre, tí kì í gba owó. Ibùdó ìlàjà kò lè tú ìgbéyàwó ká, ṣùgbọ́n àdéhùn tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ lórí owó ilé ìwé lè gba tọkọtaya lọ́wọ́ ọdún méjì nínú kóòtù.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti di lílù, kò yẹ kí ènìyàn dúró de ìkọ̀sílẹ̀. Èkó ti ní òfin tí ó tako ìwà ipá nínú ilé láti ọdún 2007, ti ìjọba àpapọ̀ sì dé ní ọdún 2015. Kóòtù lè pàṣẹ kí ẹni tí ń lu ènìyàn jìnnà sí i kí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìwé dókítà tí ó ní ọjọ́ lórí rẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó lágbára jùlọ níbẹ̀, ó sì tún wúlò lẹ́yìn náà ní ilé-ẹjọ́ gíga.

Fún àwọn Yorùbá tí ó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà ti yí padà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022, kò sí ẹni tí ń dá ẹnìkejì lẹ́bi mọ́ ní kóòtù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales: ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti pé ọdún kan yóò kọ ọ́ pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, yóò dúró fún ogún ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìkọ̀sílẹ̀ tí àwọn àgbà ìdílé tàbí ààfáà bá ṣe nínú pálọ̀ ní Peckham kò dúró lójú òfin ibẹ̀, kóòtù nìkan ni ó lè ṣe é. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí ó ní dúkìá ní ìlú méjèèjì kì í sábà mọ̀. Tọkọtaya ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ti di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti gbé pọ̀ ju ọdún márùndínlógójì lọ, kọ ara wọn sílẹ̀ l'Ékòó. Kóòtù Èkó gbà kí ìyàwó máa gbé nínú ilé kan títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì fún un ní owó tí ó tó nǹkan bí 21,000 pọ́n-ùn. Ìyàwó náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé tí ọkọ ní níbẹ̀ sì níye lórí gan-an. Ní ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i pé kí ó gba 275,000 pọ́n-ùn, bí ó bá yọwọ́ nínú ilé Èkó. Òfin ibẹ̀ gbà kí ẹni tí ó ti gba ìkọ̀sílẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè wá béèrè owó, bí òun àti ìlú náà bá ní àjọṣe tí ó jinlẹ̀. Lọ́yà Èkó nìkan kò tó fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àṣẹ ìkẹyìn bá jáde, kí ènìyàn lọ gba ẹ̀dà tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí, kì í ṣe fọ́tòkópì láti ọwọ́ akọ̀wé, nítorí òun ni rẹ́gísìrì yóò béèrè bí ó bá fẹ́ tún ìgbéyàwó ṣe. Orúkọ ọkọ tàbí ìyàwó àtijọ́ lè ṣì wà ní báńkì, níbi owó ìfẹ̀yìntì, ní ibi iṣẹ́ àti nínú ìwé ìhágún gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò gba owó bí olówó bá kú. Àṣẹ kóòtù kì í lọ pa orúkọ náà rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ni ènìyàn yóò máa lọ láti yí i padà.